Kí ló dé tí àwọn Stark kì í fi iṣẹ́ idà rán tẹ̀tù?

Ẹnì kan béèrè nípa ìtàn àròsọ Game of Thrones pé olóyè ńlá ni Eddard Stark (Ned), olórí ilé olódi Winterfell ní Àríwá, ẹ̀ṣọ́ sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ ọkùnrin tó sá kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ààlà tí wọ́n ń pè ní Night's Watch lórí? Ṣé ìkà ni, àbí ó kàn ń fi agbára hàn?

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àṣà ìdílé Stark ni pé ẹni tó bá dá ẹjọ́ ikú, òun ni yóò gbé idà. Àṣà yìí ti wà látìgbà tí àwọn fúnra wọn ń jọba ní Àríwá, kí Torrhen Stark, ọba wọn ìkẹyìn nígbà náà, tó kúnlẹ̀ fún Aegon Targaryen ajagunṣẹ́gun. Nínú ìwé A Game of Thrones (1996), Ned ṣàlàyé rẹ̀ fún Bran, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje: bí o bá fẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn, wo ojú rẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, bóyá ikú kọ́ ló tọ́ sí ẹni náà. Alákòóso tó bá ń sá sẹ́yìn tẹ̀tù kò ní pẹ́ gbàgbé ohun tí ikú jẹ́.

Ní King's Landing, olú ìlú ọba, tẹ̀tù ló ń ṣe é, bíi ti Aláàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ilyn Payne ni tẹ̀tù ọba níbẹ̀, wọ́n sì ti fa ahọ́n rẹ̀ tu. Ọba Joffrey pàṣẹ, kò gbé nǹkan kan, Payne sì fi Ice, idà Ned gan-an, bẹ́ Ned lórí.

Theon Greyjoy ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ìdógò ni ní Winterfell, àárín àwọn Stark ló dàgbà sí. Òun ló gbé idà wá fún Ned lọ́jọ́ tó bẹ́ ọkùnrin tó sá yẹn lórí, tí Bran wà níbẹ̀. Nígbà tí orí náà yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá a nípàá. Nígbà tó yá, ó gba Winterfell, ó sì fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Farlen tó ń tọ́jú ajá. Farlen wí pé Olúwa Eddard fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ojú ń ti Theon kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ, ló bá gbé àáké. Ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn, àáké yẹ̀, ó bá a ní àárín èjìká. Ó tún gé e lẹ́ẹ̀mẹta kí orí tó já, lẹ́yìn náà ló bì. Ìṣe àṣà náà ló kọ́, kò kọ́ ìdí rẹ̀.

Jon Snow, tó dàgbà ní Winterfell gẹ́gẹ́ bí ọmọ àlè Ned, tó sì di olórí Night's Watch, kọ́ ọ. Nígbà tí Janos Slynt, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, kọ àṣẹ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, Jon kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ so ó rọ̀. Wọ́n ti ń wọ́ ọ lọ kí Jon tó dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n gbé ìtì igi wá. Ó bi Slynt bóyá ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Slynt bẹ̀bẹ̀. Jon gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì gbé idà.