Tòmátì Lórí Ilẹ̀ Oníyanrìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iyanrìn ni ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Ewé tòmátì wa ń pọ́n, ìsàlẹ̀ èso rẹ̀ sì ń dúdú. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹ má tíì ra ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Iyanrìn kì í gba omi dúró, òjò Èkó sì ń fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló ń mú ewé yín pọ́n. Ẹ tú ilẹ̀ náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Fún mítà kan níbùú lóròó, ẹ da garawa 2 ewé jíjẹrà àti kílò 2 ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, ẹ pò ó pọ̀, ẹ bomi rin ín, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó ṣí tòmátì lọ síbẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Bí òkìtì rẹ̀ bá ṣì gbóná, tí òórùn rẹ̀ ń ta sí imú, kò tíì yá.

Ti èso tó ń dúdú nísàlẹ̀, kálísíọ̀mù, èròjà kan tí ohun ọ̀gbìn ń fà látinú ilẹ̀, ni kò dé inú rẹ̀ tó, omi tó ń wá ségesège ló sì sábà ń fà á. Ẹ máa bomi sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn tó ìka mẹ́ta bo ilẹ̀. Èèpo ẹyin, tó ní kálísíọ̀mù nínú, ń kọ́? Ó máa ń pẹ́ jù kó tó jẹrà. Ibi tí ata tàbí ìgbá bá ti rọ lójijì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbin tòmátì síbẹ̀.