Ariwo ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń mú yìnyín ya lulẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ gun snowmobile, alùpùpù orí yìnyín, lọ sórí òkè gíga. A ti háyà amọ̀nà. Ẹnì kan wá sọ pé ariwo ẹ́ńjìnnì a máa mú kí yìnyín ya lulẹ̀ bo èèyàn. Ṣé ká béèrè fún èyí tí kì í pariwo, ká sì panu mọ́ tí a bá débẹ̀? Irú aṣọ wo la máa wọ̀?

Ìdáhùn: Ti aṣọ kò le. Ẹ wọ̀ ọ́ léra wọn, ẹ má jẹ́ kí aṣọ òwú kan ara yín, torí tí òógùn bá ti rin ín, òtútù ló kù. Ẹ dé akoto, ẹ lo awò ojú. Ó tán.

Ti ariwo yìí ló ń bí mi nínú. Ọdọọdún ni mo ń dáhùn rẹ̀, àwọn kan sì ń fi “ẹ rọra sọ̀rọ̀” lé àlejò lọ́wọ́ bí ẹni ń ta ońdè. Ohùn èèyàn àti ariwo ẹ́ńjìnnì kò lágbára tó láti já yìnyín. Àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ mú un ya kí ọ̀nà lè dára, ohun abúgbàù ni wọ́n ń lò, ìtòsí yìnyín náà ni wọ́n sì ti ń yìn ín.

Ìpele lórí ìpele ni yìnyín ń tò jọ. Nígbà mìíràn, ìpele kan á wà nísàlẹ̀ tí hóró rẹ̀ ò di ara wọn mú, bí iyanrìn gbígbẹ. Èyí tí afẹ́fẹ́ gbé wá á sì le lé e lórí bíi pátákó. Ẹ wo pátákó lórí iyanrìn, lójú òrùlé tó dà gẹ̀rẹ́, kí èèyàn wá gùn ún. Ṣé ó dìgbà tó bá pariwo? Ìwúwo ni. Alùpùpù yìí nìkan lè ju 200 kílò lọ, ká má tíì ka ẹni tó gùn ún. Èyí tí kì í pariwo náà wúwo! Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìjàǹbá tó ń pani, ẹni tó kú tàbí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló já yìnyín náà fúnra rẹ̀.

Ojú òkè tó dà ní ìwọ̀n dìgírì 30 sí 45 ló léwu jù, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀ sì lè já a láti ibẹ̀. Ẹ má sì wo ipa ẹ̀rọ àwọn tó ti kọjá. Ẹni kẹwàá lè tẹ ibi tí àwọn mẹ́sàn-án kò tẹ̀.

Tí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín bá rì lójú òkè, ẹ má gùn lọ bá a. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ dúró síbi tí yìnyín ò lè dé, ẹ kọjú ẹ̀rọ sọ́nà tí ẹ máa gbà sá, ẹ máa wò ó. Ojú á tì yín pé ẹ ò ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó tì yín.

Kí olúkúlùkù ní ẹ̀rọ ìwáni, ìyẹn rédíò kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí yìnyín bo èèyàn sí, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wò. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ ìwáni. Ẹ̀yìn yín ni kí ṣọ́bìrì wà, torí tí ẹ ò bá rí alùpùpù mọ́, ẹ ò rí ẹrù orí rẹ̀ náà mọ́. Tí wọ́n bá ń wá èèyàn, kí gbogbo ẹ́ńjìnnì kú, torí ó ń da ẹ̀rọ ìwáni láàmú. Ẹni tí wọ́n yọ láàárín ìṣẹ́jú 10 sábà máa ń yè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, àwọn tó ń yè kò pọ̀.

Èmi ò rí òkè tí ẹ ń lọ, n ò sì mọ bí yìnyín ibẹ̀ ṣe máa rí lọ́jọ́ náà, nítorí náà ohun tí amọ̀nà yín bá sọ ló lékè tèmi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bi í pé: nínú ìpele márààrún tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu kí yìnyín ya lulẹ̀, èwo ni ìkéde òní pè é? Tó bá fèsì pé kí ẹ ṣáà má pariwo, ẹ gba owó yín padà.