Kọ gbólóhùn kan kí o tó ṣí PowerPoint

O kọ̀wé sí mi pé ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún ọ láti fi PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe síláìdì tí a ń gbé sójú ògiri, sọ̀rọ̀, pé nǹkan bí ogójì èèyàn ló máa jókòó síwájú rẹ, ọ̀gá àgbà á sì wà láàárín wọn. O ti ṣe síláìdì 32 sílẹ̀ lórí ọ̀nà tuntun tí ẹ fẹ́ máa gbà bójú tó ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. O wá ń béèrè bóyá kí o há gbogbo rẹ̀ sórí, torí pé ara rẹ máa ń gbọ̀n tí o bá dúró níwájú èrò. Àbúrò mi, má há a sórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí mo sì ń bá àwọn ẹlòmíràn múra sílẹ̀ fún un. Àwọn tó há ọ̀rọ̀ sórí látòkè délẹ̀ ni mo sábà máa ń rí tí wọ́n dákẹ́ lójijì. Ọ̀rọ̀ kan péré á bọ́ lẹ́nu wọn, ìyókù á sì fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Síláìdì 32 yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ. Mo ka àlàyé rẹ dáadáa. O sọ gbogbo ohun tí o fẹ́ wí, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí o fẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe. Pa kọ̀ǹpútà dé ná. Mú bébà, kí o kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, mo fẹ́ kí wọ́n..." Má kọ "mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀sùn oníbàárà" o, torí kò sẹ́ni tí ìyẹn máa mú ṣe ohunkóhun. Kọ ohun tí èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá sí, irú bíi "mo fẹ́ kí wọ́n gbà kí á fi oṣù mẹ́ta dán ọ̀nà tuntun yìí wò ní ẹ̀ka kan ṣoṣo." Bí gbólóhùn yẹn bá ti dúró, gbé síláìdì rẹ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé èyí á ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni? Ìtàn bí ẹ̀ka yín ṣe bẹ̀rẹ̀ á jáde. Àwòrán tó ń fi ètò ọ́fíìsì hàn á jáde. Ó máa dùn ọ́, torí o ti ṣe wàhálà lé wọn lórí, ṣùgbọ́n yọ wọ́n.

Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tó ní kí o wá sọ̀rọ̀. Bi í léèrè àwọn tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó láṣẹ láti sọ pé ó yá, àti ohun tó ń kọ wọ́n lóminú lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà kan wà tí mo ti múra láti ṣàlàyé ìdí tí nǹkan kan fi gbọ́dọ̀ yí padà. Mo pe ẹni tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì sọ fún mi pé gbogbo wọn ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, pé iye tó máa ná wọn ló ń já wọn láyà. Mo tú ọ̀rọ̀ mi palẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ìdí tó ṣe pọndandan sí ìsàlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí a lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní mi ò pè é ni, ibi tí wọ́n ti kúrò ni mi ò bá ṣì máa pè wọ́n sí.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú 12 ni kí o múra fún, má ṣe jẹ́ 15. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú èrò kì í sábà sọ ju ọ̀rọ̀ 130 sí 150 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìwọ̀nba ló máa gba inú ìṣẹ́jú 12. Mọ èyí tí o máa fò pẹ̀lú, bí ẹni tó ṣáájú rẹ bá jẹ nínú àkókò rẹ, tí alága sì ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù fún ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù ni àkọlé síláìdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ "Àbájáde" tàbí "Ìtúpalẹ̀" sókè. Kò sọ nǹkan kan. Kọ ohun tí o rí gan-an síbẹ̀: "Ẹ̀sùn mẹ́fà nínú mẹ́wàá ń dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó kà á", tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ẹni tó ń dáhùn fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tó sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti rí ọ̀rọ̀ náà.

Má rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni mò ń sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, nígbà tí Columbia, ọkọ̀ gbalasa òfurufú ti NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìrìn àjò gbalasa òfurufú, ń gbéra, fóòmù kan já lára táǹkì epo rẹ̀, ó sì lu ìyẹ́ apá òsì ọkọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe síláìdì fún àwọn ọ̀gá láti fi sọ bóyá ewu wà níbẹ̀. Àkọlé síláìdì kan tó ṣe kókó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí, nínú lẹ́tà kéékèèké, pé fóòmù tó já náà tóbi ju èyí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 640. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò tí wọ́n gbára lé kò fi bẹ́ẹ̀ kan ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ yángá lójú ọ̀run nígbà tó ń padà bọ̀, gbogbo àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí síláìdì yẹn ní pàtó nínú ìròyìn wọn. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti lè fara mọ́ kí èèyàn fi kókó ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ohun tó lè yí ìpinnu padà, òkè ni àyè rẹ̀.

Gíráàfù rẹ tó ní ìlà mẹ́fà ńkọ́? Ìlà kan ṣoṣo lo fẹ́ kí wọ́n wò. Fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kun ìyẹn, kí o fi àwọ̀ eérú kun márùn-ún tó kù, kí o sì kọ orúkọ ìlà náà sí ìdí rẹ̀ gan-an dípò kí o kó orúkọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má fi pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ṣe ìyàtọ̀, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í yà á sọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú PowerPoint bá kéré sí 24, jẹ́ kí ó tóbi sí i tàbí kí o yọ ọ́. Tí o bá gbé gíráàfù síta, sọ ohun tí ìlà tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dúró ń wọ̀n ná, kí o dákẹ́ díẹ̀, kí o tó sọ ohun tó fi hàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn lójú tìrẹ. Kò gùn lójú wọn.

Ohun kan wà nínú PowerPoint tí mo fẹ́ràn gan-an: bí o bá ń fi síláìdì hàn, tí o tẹ lẹ́tà B, gbogbo ojú ògiri á ṣókùnkùn. Tún un tẹ̀, àwòrán á padà. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bá dé ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mo wá gbà. Gbogbo orí tó ti yí sí ògiri á yí padà sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹnì kan bá sì ní kí o padà sí síláìdì keje, tẹ 7, kí o tẹ Enter. O ò ní máa sáré padà sẹ́yìn lójú gbogbo ayé.

Ó kan ìgbáradì. Dìde dúró, kí o sì la ohùn sókè. Kíkà á nínú ọkàn kò ka nǹkan kan, torí ẹnu kò tíì rin ọ̀nà náà. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni kí o há sórí, pẹ̀lú gbólóhùn tí o máa fi parí. Ìyókù, kókó ni kí o mọ̀, kí o máa sọ ọ́ bó bá ṣe wá sí ọ lẹ́nu. Ibi tí èèyàn ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni àárín síláìdì kan sí òmíràn: a tẹ̀ ẹ́, a wò ó, a ní "ẹ̀ẹ́n, èyí báyìí..." Mọ gbólóhùn tí o máa fi wọ inú síláìdì tó kàn kí o tó tẹ bọ́tìnnì. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ sórí fóònù, kí o sì gbọ́ ọ. Nínú ohùn àwọn tí mo ti bá gbọ́ tiwọn, ìparí gbólóhùn ni ohùn ti máa ń wọlẹ̀, ibẹ̀ sì ni iye owó àti ọjọ́ sábà máa ń wà.

Ẹ̀rù yẹn kò ní lọ tán, kò sì pọn dandan kó lọ. Ìwádìí kan tí Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé àwọn tó sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó ń sọ fún ara wọn pé ọkàn àwọn balẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí àyà tó ń lù nítorí ìdùnnú àti èyí tó ń lù nítorí ẹ̀rù jọra púpọ̀. Má mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, á máa gbọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ rẹ. Káàdì líle kékeré ló dáa. Tètè dé, kí o kí àwọn tó ń wọlé bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ojú mélòó kan lè ti di ojú ẹni tí o mọ̀ kó tó kàn ọ́. Mí síta pẹ́, kí o wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú.

Tí o bá ti tètè dé bẹ́ẹ̀, yẹ wáyà projector, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri, wò. Wáyà HDMI ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n VGA, irú wáyà àtijọ́, ṣì wà ní àwọn yàrá kan. Fi ẹ̀dà PDF, irú fáìlì tí ìrísí rẹ̀ kì í sábà yí padà, sínú fláàṣì, torí lẹ́tà máa ń yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Tẹ ojú ewé kan ṣoṣo tó ní kókó ọ̀rọ̀ rẹ sórí bébà pẹ̀lú. Ìpàdé kan wà tí iná projector kú níṣojú mi, tí kò sì tàn mọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo yẹn la pín, ìjíròrò tó tẹ̀ lé e sì dán mọ́rán.

Nígbà ìbéèrè, tún ìbéèrè náà sọ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ ọ, kí ìdáhùn rẹ sì kúrú. Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé "n kò ní iye yẹn lọ́wọ́ báyìí, ẹ máa rí i gbà lọ́dọ̀ mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú", kí o sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Kó àwọn síláìdì tí o yọ sí ẹ̀yìn èyí tó gbẹ̀yìn. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n wà níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí ìbéèrè ẹnì kan jẹ́ ohun tó kẹ́yìn létí wọn. Dá gbólóhùn tí o há sórí yẹn dúró dìgbà tí ìbéèrè bá tán, sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o dúpẹ́, kí o jókòó.

Kọ gbólóhùn rẹ ránṣẹ́ sí mi lónìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo fẹ́ kí wọ́n". Tí o bá ti kọ ọ́, a lè jọ wo èyí tó yẹ kó kù nínú síláìdì 32 yẹn.