Màmá mi ò fẹ́ kí n lọ sínú igbó Oban

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní jẹ́lé-ó-sinmi. Míṣọ́nnì kan wà nínú igbó Oban, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n èmi ni màá san owó oúnjẹ àti ibi tí màá sùn. Ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Màmá mi ní ọmọbìnrin tí kò tíì relé ọkọ kì í lọ gbé inú igbó, pé bí mo bá lọ, kí n má pe òun mọ́. Àǹtí, ṣé Ọlọ́run ló ń pè mí, àbí oríkunkun ni? Èmi ni, Ọmọ Ìyá Alágbọn."

Ọmọ Ìyá Alágbọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ti ìpè Ọlọ́run, èmi ò lè bá ọ gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí. Ohun tí mo rí ni pé o sọ ti igbó, o sọ ti màmá rẹ, o sọ ti owó, ṣùgbọ́n o ò sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọ náà. Mélòó ni wọ́n? Ọmọ ọdún mélòó mélòó? Ta ló ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ nígbà tí àlejò ò bá sí?

Mo nídìí tí mo fi ń béèrè. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, èmi náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí míṣọ́nnì kan létí ọ̀sà, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. À ń kọrin, à ń gbá bọ́ọ̀lù, inú wa ń dùn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Etí ìró mi ló máa ń dì mú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń padà sílé, mi ò rí sílípáàsì mi ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. A wá a títí, ọlọ́kọ̀ ń pariwo pé òun ti fẹ́ máa lọ. Inú garawa gààrí ni wọ́n ti bá a, gààrí bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn ló gbé e pamọ́ kí n má bàa lè lọ. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti bú u. Ó wá bi mí bóyá màá padà wá, mo ní "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń pa á lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó tibẹ̀ dé sọ fún mi pé ọmọ náà kì í béèrè orúkọ àlejò mọ́. "Àǹtí" lásán ló ń pe gbogbo wọn.

Ìwọ ọmọ Àgbádárìgì, ó yẹ kí èyí tètè yé ọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ Freeman nílùú yín, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, tó sì ṣe Kérésìmesì ọdún náà lábẹ́ igi Agia. Kérésìmesì yẹn ò pẹ́ tán tó fi kọrí sí Dàhòmì. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, èèyàn dúdú bíi tiwa láti Cape Coast, làwọn tó jókòó ti àwọn ọmọ, tí wọ́n ń kọ́ wọn níwèé. (Ta ló ń dárúkọ wọn lónìí?) Lápá ibi tó o fẹ́ lọ yẹn náà, Mary Slessor, míṣọ́nnárì obìnrin láti Scotland, dé Kálábá ní 1876, ó kọ́ èdè Ẹ́fíìkì yanranyanran, ó ń gbé ìbejì tí wọ́n bá sọ sígbó wá sílé ara rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn náà ló kú sí ní 1915.

Mi ò ní kó o lọ lo ogójì ọdún o. Oṣù mẹ́ta tó láti ṣe nǹkan gidi, bí o ò bá sọ ara rẹ di ìyá ọmọ tó o máa fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ tíṣà tí wọ́n ní níbẹ̀ ni kó o jókòó sí. Èdè Ejagham làwọn ará ibẹ̀ ń sọ, Yorùbá àti Ẹ̀gùn rẹ ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, tíṣà yẹn ló gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ bó bá ń sunkún lóru. Kọ́ ọ bó o ṣe máa ń ṣe é tí ọmọ tó ń fi "b" pe "d" fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ gé páálí Indomie, ẹ kọ lẹ́tà sí i. Páálí yẹn máa wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ti wọkọ̀.

Kó o tó san kọ́bọ̀, bi wọ́n bóyá lóòótọ́ làwọn ọmọ náà ò lẹ́nì kankan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ni bàbá tàbí ìyá wọn wà láàyè, àìrówó ló gbé wọn débẹ̀, àwọn ilé kan sì wà tó ń kó ọmọ jọ nítorí pé àlejò ń sanwó. Ẹ̀wẹ̀, ṣé wọ́n béèrè onídùúró lọ́wọ́ rẹ, tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ àti ọ̀gá iléèwé rẹ? Bó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n béèrè, ohun kan náà ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá dé lẹ́yìn rẹ, ẹnu ọ̀nà kan náà ló sì máa gbà wọlé sáàárín àwọn ọmọ náà. Èyí nìkan tó kó o má lọ. Fọ́tò wọn lórí Facebook sì ńkọ́? Rárá o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fún ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀.

Ti màmá rẹ, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń bá jà. Ẹ̀rù fóònù tí kò ní lọ ló ń bà á. Bẹ ìyá tó ń bójú tó ilé náà kó pè é, kí abiyamọ méjì jọ sọ̀rọ̀, kí ìwọ sì kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí màmá rẹ rí i pé o ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn, pé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú kó o tó gbéra, àti pé owó ọkọ̀ àbọ̀ rẹ wà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ òun gan-an. Bó bá ṣì kọ̀, dúró díẹ̀, máa kọ lẹ́tà sí tíṣà yẹn ná.

Bó o bá wá lọ, sọ fáwọn ọmọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé o máa lọ, kó o sì sọ ọjọ́ tó o máa lọ fún wọn. Mú sílípáàsì méjì dání. Bí ọ̀kan bá wọ garawa gààrí, má bú ẹnikẹ́ni.