Kí ni "ede" tí àwọn Kalabari ń ṣe níbi òkú àgbà?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ ní ẹ rí fọ́tò bẹ́ẹ̀dì onírin kan tí wọ́n fi aṣọ sí lára, iṣẹ́ Sokari Douglas Camp, obìnrin Kalabari tó ń fi irin ṣe ère, ẹ wá ní ṣé ojúbọ ni àbí kí ni. Kì í ṣe ojúbọ rárá. Church Ede lorúkọ ẹ̀, ọdún 1984 ló ṣe é, inú ọ̀rọ̀ "ede" yẹn gan-an sì ni gbogbo ìtumọ̀ ẹ̀ wà.

Ede ni bẹ́ẹ̀dì tí àwọn Kalabari, ní Rivers lọ́hùn-ún, máa ń wọṣọ fún tí àgbà bá kú. Àwa náà máa ń tẹ́ òkú nítẹ̀ẹ́yẹ, àmọ́ tiwọn jìnnà sí tiwa, torí àwọn obìnrin ilé tó mọṣẹ́ ọ̀hún ló máa ṣí àpótí aṣọ ẹbí, wọ́n á kó injiri jáde, ìyẹn aṣọ òwú onílà lóròó àti níbùú tó ń ti Índíà wá, wọ́n á kó àrán, wọ́n á kó sílíìkì, wọ́n á wá máa ká a, wọ́n á máa ṣẹ́ ẹ, wọ́n á tò ó sára bẹ́ẹ̀dì àti ògiri títí yàrá á fi kún, ó sì lè ju yàrá kan lọ. Aṣọ ìyá ìyá ẹlòmíì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un kó tó mọ irú ilé tí olóògbé ti wá. Tí ìnáwó bá parí, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀, ó dinú àpótí.

Èyí tó wù mí jù nínú àwọn aṣọ yẹn ni pelete bite. Pelete ni gígé, bite ni aṣọ. Wọ́n á mú injiri tí wọ́n ti hun tán, wọ́n á fi bíléèdì gé àwọn òwú kan lára ẹ̀, wọ́n á fà wọ́n yọ, ibi tí òwú ti kúrò yẹn ni bátànì tuntun ti máa yọ jáde. Wọn ò fi nǹkan kan kún un o, yíyọ ni wọ́n ń yọ.

Buguma ni wọ́n bí Sokari sí lọ́dún 1958, London ló ń gbé, irin ló ń jó pọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé irin ọ̀hún kún fún ihò, ó ń gé e síbí, ó ń gé e sọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, lójú tèmi ọwọ́ àwọn ìyá tó ń gé pelete bite ni. Lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin ló ń gbẹ́ ère egúngún àti ti baba ńlá, obìnrin ló ni aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ó wá pa méjèèjì pọ̀ sójú kan, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

Ní ti "Church" tó wà níwájú ẹ̀, àìsùn onígbàgbọ́ ló ní lọ́kàn. Àwọn Kalabari ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, wọn ò torí ẹ̀ pa ede tì, wọ́n ń kọ orin ìsìn, bẹ́ẹ̀dì náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹ̀.