Okùn wo ló yẹ fún jig ní Lake Conroe àti Sam Rayburn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ ti ra ọ̀pá ìpẹja casting tuntun àti jig oní-3/8 áùnsì (ìdẹ oní-ìwọ̀ tó ní orí òjé), ẹ fẹ́ máa ti Houston lọ pẹja ní Lake Conroe, adágún kan ní Texas, lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù sì ní kí ẹ fi braid (okùn tí wọ́n fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun) pọ́n-ùn 65, ìyẹn èyí tó lè gba ìwúwo pọ́n-ùn 65 kó tó já, sí i, pé òun nìkan tó gbogbo iṣẹ́ ṣe. Kò parọ́, àmọ́ òótọ́ tó sọ kò pé. Ibi tí ẹja sá pamọ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo iye pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sára páálí.

Jig kì í ṣe ìdẹ tí à ń jù sí gbangba omi. Orí rẹ̀ jẹ́ òjé, ìwọ̀ rẹ̀ nípọn, abẹ́ igi tó rì, ẹ̀gbẹ́ òkúta àti àárín koríko ni à ń tì í bọ̀. Okùn ló máa fara họ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn kí ẹja tó dé ọwọ́ yín. Ó tún ku kiní kan: lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni bass, ẹja tí à ń fi jig wá, ti máa ń gbé jig, kó tó kan ilẹ̀ rárá. Kì í fà á gbì. Á gbé e sẹ́nu, tí kò bá bá a lẹ́nu mu, á tu ú dànù. Okùn tí kò bá sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, ẹja ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó wá.

Conroe yẹn, ilé àwọn olówó ló yí i ká. Èbúté pákó, òpó, ògiri kọnkéré, òkúta tí wọ́n kó sí etí omi kí ilẹ̀ má bàa wó, ibẹ̀ ni bass ń gbé. Níbẹ̀, fluorocarbon (okùn oníke kan tó mọ́ gaara) pọ́n-ùn 15 ni mo ń lò, tí igi bá pọ̀, mo máa ń gun 20. Kì í ṣe tìtorí ohun tí wọ́n ń pariwo pé ẹja ò lè rí i. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé inú omi ló ń gbà: ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ 1.42, ti omi 1.33, ti náílọ́ọ̀nù lé ní 1.5. Àmọ́ omi Conroe kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹn fi máa jẹ́ ìdí pàtàkì. Ìdí tèmi ni pé ó gba ìfarahọ, ó sì ń rì. Tí ẹ bá fi omi ṣe 1, ìwúwo fluorocarbon tó 1.78, náílọ́ọ̀nù wà ní nǹkan bí 1.14, braid jẹ́ 0.97, ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó. Okùn tó ń rì á bá jig lọ sísàlẹ̀ tààrà. Èyí tó ń léfòó á ṣe kọrọdọ láàárín yín àti jig, ẹja á sì ti ṣe tirẹ̀ tán kí ìró rẹ̀ tó dé ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá jù ú, ẹ máa wo okùn níbi tó ti wọ omi. Ẹ má wo ọ̀pá. Tí okùn bá ta pọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fà á. Tí ẹ bá mọ̀ pé omi ibẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí okùn wá dẹ̀ nígbà tí jig ò tíì lọ ju ìdajì lọ, ẹ má rò pé ilẹ̀ ló kàn. Ẹja ló gbé e. Ẹ fà á!

Ibi tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti gba ẹ̀yẹ ni inú koríko. Tí ẹ bá dé Sam Rayburn, adágún ńlá tó lé ní 114,000 éékà tí wọ́n sé odò Angelina láti ṣe, ẹ máa rí hydrilla, koríko inú omi, tó bo omi lọ súà. Ní ibẹ̀, fluorocarbon kò tó. Braid pọ́n-ùn 50 tàbí 65 máa ń gé koríko yẹn wọlé, ẹja tó ti wé mọ́ ọn á sì jáde pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nà, nítorí náà bí ẹ bá ti fà, ìwọ̀ ti wọlé.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dára nínú koríko náà ló jẹ́ kó burú nínú igi. Braid tínrín, ó mú. Bí ẹja bá fà á gba orí ẹ̀ka igi tó rì, okùn náà á gé wọ inú igi, á há síbẹ̀. Ẹ máa fà, igi máa fà, ẹja á ṣọpẹ́ lọ ilé. Lórí òkúta mímú pẹ̀lú, fọ́nrán rẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún bẹ̀ yín: bí jig bá há, ẹ má wé braid mọ́ ọwọ́ kí ẹ tó fà á. Ó ń gé awọ ara bí abẹ. Ẹ wé e mọ́ igi kékeré kan, kí ẹ na ọ̀pá sí ọ̀gangan okùn kó má bàa ṣẹ́, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù àtijọ́ ńkọ́? Mi ò kì í fi sí jig ńlá. Ó lè nà tó ìdá kan nínú mẹ́rin kó tó já, ìwọ̀ jig sì nípọn, ó nílò agbára kó tó wọ egungun ẹnu bass. Tí ẹja bá jìnnà sí yín, nínà okùn ló máa jẹ gbogbo agbára yín. Fún jig wẹ́wẹ́ tí à ń fi dẹ crappie, ẹja kan tó kéré sí bass, 1/16 tàbí 1/32 áùnsì, òun ló dára jù, pọ́n-ùn 4 tàbí 6, nítorí pé ẹnu crappie rọ̀ bí ìwé, nínà yẹn ni kò ní jẹ́ kó ya. (Ẹni tó mú bass largemouth tó tóbi jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ Texas, pọ́n-ùn 18.18, ní Lake Fork ní 1992, crappie ló ń dẹ o. Omi ò mọ irú okùn tí ẹ mú wá.) Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò nígbà ooru Texas. Oòrùn àti ooru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní rí i lójú.

Wàyí o, ohun tí kò sí lára páálí kankan. Bí okùn bá já, ẹ má kàn sọ̀rọ̀ sí i kí ẹ sì so òmíràn. Ẹ gbé ojú ibi tó ti já sókè. Tó bá ká kọ́ńgọ́, kókó yín ló yọ̀, okùn ò ṣẹ̀. Tó bá hu, tó funfun, òkúta tàbí òpó ló họ ọ́, ó yẹ kí ẹ lo èyí tó nípọn jù tàbí kí ẹ ti gé apá yẹn dànù tẹ́lẹ̀. Tó bá mọ́ geere, nǹkan mímú ló gé e. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn ìgbà tí jig bá há, mo máa ń fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá na okùn láti ojú jig sókè bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bí ó bá rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, mo gé e, mo tún so ó. Ẹlòmíì máa ń ya ọ̀lẹ láti gé e, ẹja tó tóbi jù lọ́jọ́ yẹn ló sì máa ń já ibẹ̀.

Kókó tí wọ́n ń pè ní Palomar ni mo fi ń so okùn mọ́ jig. Tí ẹ bá ń fà á pọ̀, ẹ fi itọ́ tàbí omi rin ín kí ẹ tó fún un. Fluorocarbon gbígbẹ máa ń gbóná bí ara rẹ̀ ṣe ń fà mọ́ra, á sì dínkù lágbára níbẹ̀ gan-an. Braid ní tirẹ̀ máa ń yọ̀ lórí ríìlì, kẹ̀kẹ́ tí à ń wé okùn sí. Ẹ kọ́kọ́ wé náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á máa yí lófo bí ẹja bá ń fà.

Fluorocarbon wọ́n, mo mọ̀. Ẹ má fi kún ríìlì tán. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú kún ìdajì, kí ẹ so fluorocarbon mọ́ ọn lókè, nǹkan bí yáàdì 70. Ẹ kì í ju jig jìnnà ju ìyẹn lọ. Bí ó bá gbó, apá òkè nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Torí náà, fún ọ̀pá kan tí ẹ ní, tó jẹ́ Conroe lẹ fẹ́ lọ, ẹ ra fluorocarbon pọ́n-ùn 15. Braid 65 tí ọmọ yẹn tà fún yín, tí ẹ bá ti ra á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé kúrò nínú mọ́tò, ọ̀pá kejì tí ẹ máa rà nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ Rayburn ló máa wọ̀. Bí ìyàwó bá béèrè pé ọ̀pá mélòó lẹ nílò, ìyẹn kọjá ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn.