5 kVA tàbí 10 kVA: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ilé yín ní éésì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 hp, fíríìjì kan, pọ́ńpù omi 1 hp, pẹ̀lú fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan sọ fún yín pé ẹ̀rọ amúnáwá 5 kVA (kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ amúnáwá) ti tó, ẹlòmíì ní kí ẹ má ra ohun tó bá kéré sí 10 kVA, ẹ sì ń bèèrè bóyá ti bẹntiróò ni kí ẹ rà ni àbí ti dísù. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta ni mo ti rà fún ilé ara mi. Méjì àkọ́kọ́ kò bá ilé náà mu, owó tí mo ná lé wọn kò sì padà wá mọ́. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, kí owó tiyín má baà gba ọ̀nà kan náà.

Ohun kan ṣáájú ìwọ̀n: wákàtí mélòó ni iná fi ń lọ nílé yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì lọ bá ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí. A máa padà síbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ra àkọ́kọ́, mo mú bírò, mo ṣírò. Gílóòbù 120 wáàtì, fáànù mẹ́rin 280, tẹlifíṣọ̀n 120, fíríìjì àti fírísà 350, pọ́ńpù omi 1,000. Gbogbo rẹ̀ já sí 1,870 wáàtì. Mo ra èyí tí wọ́n kọ 2.5 kVA sí lára gàdàgbà, ọkàn mi balẹ̀ pé àyè ṣì kù. Ọjọ́ kejì la tan pọ́ńpù. Iná gbogbo ilé ṣe bàìbàì, ẹ̀rọ náà kérora, ó kú. A tún un tan, ó tún kú. Nígbà tó yá, a mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ pa gbogbo nǹkan kí a tó tan pọ́ńpù. Lọ́jọ́ míì á gbé e, lọ́jọ́ míì kò ní gbé e. Kò tó oṣù méjì tí fírísà fi jóná. Ẹni tó wá tún un ṣe ló fi mítà hàn mí: bí pọ́ńpù bá ti ń dìde, fóòtéèjì ilé tó yẹ kó jẹ́ 230 ń já sí nǹkan bí 160. Fírísà tó bá fẹ́ gbéra nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní lè yí, bẹ́ẹ̀ ni iná yóò máa wọ inú wáyà rẹ̀ títí tí yóò fi gbóná jóná.

Ìṣirò mi kò ní àṣìṣe nínú àròpọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ohunkóhun tó bá ní mọ́tò nínú, nígbà tó bá ń gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ń yí. Bí ẹ bá ti ti ọkọ̀ tó kú rí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ìgbà tí táyà kò tíì yí ni agbára ń tán lára ẹni. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì péré ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni ẹ̀rọ amúnáwá ń kú. Nítorí náà pọ́ńpù mi tó ń jẹ 1,000 wáàtì fẹ́ tó 3,000 kó tó dìde, èyí tó gbé gbogbo ẹrù ilé dé 3,870. Kò sí bí 2.5 kVA ṣe fẹ́ rù ú. Gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù kò ní ìṣòro yìí. Fíríìjì, fírísà, éésì àti pọ́ńpù ni kí ẹ ṣọ́.

Nǹkan méjì míì wà lára nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà ni òkè agbára rẹ̀, èyí tí kò lè rù ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tó lè rù láti àárọ̀ dalẹ́ wà nínú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ "rated" tàbí "continuous" sí i. Òun ni kí ẹ fi ṣírò. Èkejì, kVA kì í ṣe kW (1 kW jẹ́ 1,000 wáàtì). Ẹ fi 0.8 sọ kVA di púpọ̀, kó lè fún yín ní kW tí ẹ lè gbọ́kàn lé: 5 kVA di 4,000 wáàtì, 7.5 di 6,000, 10 di 8,000. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ bẹntiróò kékeré máa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwo ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kó má jẹ́ ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ilé yín lé orí òṣùwọ̀n yìí. Mo ka éésì 1.5 hp kọ̀ọ̀kan sí 1,300 wáàtì, fíríìjì 150, gílóòbù àti fáànù àti tẹlifíṣọ̀n 500. Bí fíríìjì àti éésì kan bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ti wà ní 1,950. Éésì kejì fẹ́ dìde, ó fẹ́ 3,900 tí a bá ka ìlọ́po mẹ́ta: 5,850. 5 kVA kò lè ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. 7.5 kVA á ṣe é, ṣùgbọ́n ó fún un pinpin, ẹ kò sì gbọdọ̀ tan pọ́ńpù nígbà tí éésì méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹrù tó burú jù á dé 6,850, 10 kVA ló sì yẹ yín. Àmọ́ bí éésì yín bá jẹ́ irú èyí tó ní inverter nínú, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbéra, kò ní fa iná rẹpẹtẹ yẹn, 7.5 kVA á sì tó yín, bí ẹ kò bá ṣáà ti tan pọ́ńpù nígbà tí éésì méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe oníná tó ní mítà tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú kó wá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé yín, torí pé éésì tó ti pẹ́ máa ń jẹ ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹ má wá torí èyí sọ pé ẹ ó kúkú ra gbẹ̀ǹdẹ̀kù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀rọ dísù 20 kVA tí ẹlòmíì ti lò ni mo rà ṣìkejì. Ó lè rù 16,000 wáàtì; lóru, ohun tí ilé mi ń lò kò ju 600 lọ, kò tó 4 nínú 100. Ẹ̀rọ dísù kì í fẹ́ irú ìyẹn. Bí ẹrù rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 30 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ kì í gbóná tó, dísù kì í jó tán, àjẹkù rẹ̀ á máa dì sínú sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, omi dúdú bí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní ẹnu sàlẹ́ńsà tèmi, èéfín ń rú, agbára rẹ̀ ń dínkù, dísù tó ń mu kò sì dínkù. Ibi tó dára jù fún ẹ̀rọ ni kí ẹrù ojoojúmọ́ rẹ̀ wà láàárín 50 sí 80 nínú 100.

Bẹntiróò tàbí dísù: ẹ wo wákàtí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, ti bẹntiróò tó fún yín, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n tó ti dísù. Àléébù rẹ̀ ni pé bẹntiróò tó bá jókòó sínú kabúrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á di gọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní tan. Ẹ máa ti epo pa kí ẹ jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ tán kó fúnra rẹ̀ kú. Bó bá jẹ́ wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ra dísù, kí ẹ sì bèèrè èyí tó ń yí ní 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe 3,000. Ó dákẹ́ jù, ó sì ń pẹ́ jù. Àwọn tó ń lo gáàsì náà wà, gáàsì kì í bàjẹ́ bó ti wù kó pẹ́ tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ̀rọ máa ń dínkù díẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ owó látẹ̀yìn wá. Èyí tó kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ni mo gbé e sí, torí wáyà kúrú, mo sì fẹ́ kí n máa gbọ́ ọ. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, a ti ilẹ̀kùn, fèrèsé yẹn nìkan ló ṣí díẹ̀. Ọmọ mi kejì jí, ó ní orí ń fọ́ òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A rò pé ibà ni. Ìyàwó mi dìde láti bu omi fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Orí èmi náà ti wúwo, n kò kàn kà á sí. Ọlọ́run ló fi í sí mi lọ́kàn pé kí n gbé gbogbo wọn bọ́ sínú òjò. Dókítà ní carbon monoxide ni, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ, pé ká ní a padà sùn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Èéfín tí ẹ ń rí kọ́ ni. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín jìnnà sí ilé, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn èyíkéyìí, tiyín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí ìta. Ẹ má gbé e sí gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù òjò, òrùlé lórí òpó mẹ́rin láìsí ògiri ti tó. Kí ẹ sì ra ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá wọlé, kí ẹ fi í sí ibi tí ẹ ń sùn.

Owó wáyà gígùn àti changeover, ìyẹn ohun tó ń ya iná ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìta, ẹ kà á mọ́ owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná ẹ̀rọ yín bá padà sórí wáyà ìta, tíránsífọ́mà á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó. Ẹ má ṣe fi wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì lẹ́nu méjèèjì ki iná ẹ̀rọ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láé.

Ti ariwo, bí wọ́n bá sọ iye decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) fún yín, ẹ bèèrè pé láti mítà mélòó ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. 7 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí decibel bá fi 10 lé, etí á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì.

Ẹ̀rọ mi kẹta, tó ń rù 5,000 wáàtì láìsinmi, ti pé ọdún mẹ́jọ. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn 20 wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní 100 wákàtí 100 wákàtí, mo sì ń tan án lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹrù lórí, bí iná kò bá tilẹ̀ lọ rárá. Ọjọ́ tí mo rà á, mo gbé áyọ́ọ̀nù mẹ́rin àti mítà dání lọ síbẹ̀, áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan 1,000 wáàtì. A kì wọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo wo fóòtéèjì bóyá yóò já wálẹ̀, a sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí n tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á fún yín bá kọ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé owó yín, ẹ lọ síbòmíì.